Iyán fún Àwọn Tó Wá Wádìí Iná

Ọjọ́ tí àwọn èèyàn ìjọba ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá wádìí iná tó pa Tóyìn, ìyá Tóyìn ni wọ́n ní kó gún iyán tí wọn yóò jẹ.

Ẹ tún un gbọ́ o. Ìyá ọmọ ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọmọlará bí, lẹ́yìn tó ti gbààwẹ̀ títí tí ara rẹ̀ fi gbẹ, ni wọ́n gbé lọ sin láì jẹ́ kó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí bí a ti ń ṣe òkú ọmọdé nìyẹn. Ọwọ́ tó yẹ kó ká lérí, òun náà ló fi di ọmọ odó mú.

Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Agatha ló ti ń gún un. Ọ̀dọ̀ Ìyá Agatha àti ọkọ rẹ̀, Babárìndé, ni wọ́n sá wọ̀, nítorí ilé tiwọn tó wà ní òdìkejì títì kò ku nǹkan kan ju ògiri dúdú lọ. Ọyẹ́ mú ní Òdòdè láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rí orí òkè. Òórùn èéfín kò kúrò lára aṣọ tí wọ́n yá a wọ̀, bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó.

"Gbé e fún mi, ìyàwó," Ìyá Agatha ní. "Ọmọ odó yẹn ti wúwo jù fún ọ."

Tẹ́lẹ̀, Ìyá Tóyìn ló máa ń pè é. Láti ìgbà tí iná ti jó, kò sẹ́ni tó fi ẹnu kan orúkọ yẹn mọ́ ní gbogbo àdúgbò. Wọ́n ti dá a padà sí ìyàwó, bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Èyí nìkan tó ohun tí èèyàn lè jókòó sunkún sí.

Kí ó tó dáhùn, Yèyé, ìyá ọkọ rẹ̀, ti gbà á sọ láti orí àpótí tó jókòó lé. "Fi í sílẹ̀ kó gún un. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀ ni í máa ronú òkú. Àlejò ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Bí wọ́n bá jẹun yó, wọ́n á sọ òótọ́."

"Ṣé iyán ló ń mú èèyàn sọ òótọ́ ni, Yèyé?" Ìyá Agatha bi í.

"Kí ni kí n fún wọn? Owó? Ṣé iná ṣẹ́ owó kù ni? Àgbébọ̀ kan tó sá mọ́ iná lọ́wọ́, òun ni mo pa sínú ọbẹ̀ yẹn. Èmi fẹ́ mọ ohun tó pa ọmọ mi. Bó bá jẹ́ iná ìjọba ni, kí wọ́n wí. Bó bá sì jẹ́ àbẹ́là ni..."

Yèyé kò parí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó ti parí rẹ̀ káàkiri àdúgbò láti ọjọ́ kejì iná. Bó bá jẹ́ àbẹ́là ni, kí Ọmọlará gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Òun kò lè máa jí rí ojú ẹni tó dáná sun ọmọ-ọmọ òun.

Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ kò pọ̀. Ibà ń ṣe Tóyìn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọlará tan àbẹ́là síbi orí rẹ̀, ó ka sáàmù, ó sì gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ fún ìṣọ́ òru. Ògúnníyì, ọkọ rẹ̀, wà nílé, ó ti sùn ní yàrá kejì. Iná mànàmáná tó ti lọ láti bí ọjọ́ mélòó kan bá dé lójijì, ó dé tagbáratagbára, gílóòbù ń bú gbàù láti ilé dé ilé. Nígbà tí ìyá ọmọ yóò fi sáré dé, òrùlé ti wó. Awọ ọwọ́ Ògúnníyì méjèèjì ti bó níbi tó ti ń fa ilẹ̀kùn tí kò ṣí.

Pé ó pa àbẹ́là kí ó tó jáde, òun nìkan ló mọ̀. Nínú ìjọ tiwọn, a kì í fi ẹnu fẹ́ àbẹ́là àdúrà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún un pa. Ibi tó ti jó o ní àtàǹpàkò ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń ta á bó ti ń gún iyán. Ó ń fi gbogbo ara gún un. Ó ń fẹ́ kó ta á.

Láti iwájú ilé, ohùn àwọn ọkùnrin ń dún wọlé. Wọ́n ti ń péjọ de àwọn ará Àkúrẹ́.

"Àwọn oníná ló pa ọmọ yẹn!" ẹnì kan ń pariwo. "Rédíò mi jóná lọ́jọ́ náà. Fáànù Ọ̀gbẹ́ni Benedict jóná."

Ohùn Babárìndé ga ju tiwọn lọ. "Òrùlé ló kọ́kọ́ gbiná! Ojú mi yìí ló rí i. Bó bá jẹ́ àbẹ́là ni, ṣé kì í ṣe ilẹ̀ ni iná yóò ti gbéra? N ó sọ ọ́ lójú wọn lónìí. Kí ni wọn yóò fi mí ṣe?"

Ọmọlará dá ọmọ odó dúró kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ iná. Ẹnì kan rí i. Ẹnì kan yóò sọ ọ́.

Nígbà tó bo iyán tán, ó mú ọ̀bẹ, ó dá títì kọjá lọ sínú ilé tó jó. Ohun kan ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti àárọ̀.

Lánàá ni àwọn àgbà ìjọ wá sọ ilé náà di mímọ́. Yèyé ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Ó ní ibi tí ẹ̀mí ti bọ́, a kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí àlejò wọ̀ ọ́. Wọ́n gbá eérú dànù, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ẹ́dú, wọ́n da omi àdúrà sílẹ̀, wọ́n wá to àbẹ́là sójú ibi tí wọ́n ti bá Tóyìn, wọ́n sì jẹ́ kí ó jó tán sílẹ̀. Orin dùn, èèyàn sunkún. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rò ó síwájú, Ọmọlará pàápàá kò rò ó, òun náà wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n yá a. Òwúrọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí wọ́n ṣe. Nínú yàrá tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní, ohun kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀: àbẹ́là yíyọ́, funfun báláú, ní ojú ibi tí ọmọ kú sí gan-an.

Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ họ ọ́.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" Yèyé ti tẹ̀ lé e. "Ta ló ń fi ọ̀bẹ họ àbẹ́là àdúrà? Ó di ọjọ́ keje kí ọwọ́ tó kàn án!"

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń bọ̀ yìí kò mọ̀. Bí wọ́n bá rí i, wọn yóò rò pé..."

"Wọn yóò rò pé kí ni? Ṣé a ò ní ẹnu tí a ó fi sọ fún wọn ni? Àbí ohun kan wà tí o fẹ́ bò mọ́lẹ̀?"

Ọmọlará fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti bi èèyàn ní irú ìbéèrè yẹn, ohun yòówù tó bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ìbòmọ́lẹ̀ ni.

Bó ti ń dìde, ojú rẹ̀ lọ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ihò ìṣó ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àpótí fíùsì wà tẹ́lẹ̀. Iná kọ́ ló mú un lọ. Ní ìdájí ọjọ́ tí wọ́n sin Tóyìn, Ọmọlará rí Ògúnníyì tó fi ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé yọ ọ́ lára ògiri, tó ń jẹ ìrora, tó gbé e mọ́ àyà lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó gbọ́ nígbà tó já sínú ṣálángá.

Ó sì mọ ìdí rẹ̀. Ní àkókò òjò, fíùsì ilé já. Kò sí fíùsì tí wọn yóò rà ní gbogbo Òdòdè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníná kì í wá tún nǹkan ṣe fún ẹni tí kò bá tẹ nǹkan sí wọn lọ́wọ́. Ògúnníyì bá gé wáyà búrèkì kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi so ó. Iná tàn wàà, àmọ́ wáyà kì í já bí fíùsì nígbà tí iná bá pọ̀ jù. Ta ni kò so ó? Kò sí ilé kan ní títì náà tí wáyà kò sí níbi tó yẹ kí fíùsì wà, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n so ni wọ́n ń pè ní ọlọ́gbọ́n. Inú òkùnkùn ló ti so ó. Ọmọlará ló mú àbẹ́là dání fún un kó lè ríran.

Láti ọjọ́ ìsìnkú ló ti ń retí kí ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Kò retí kó sọ ọ́ fún ìjọba. Fún òun nìkan, lórí ẹní, kó kàn sọ pé, "Ọmọlará, wáyà yẹn ni o." Òun ì bá sì gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì ì bá jọ sunkún ọmọ wọn. Ògúnníyì kò sọ ọ́. Ó ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń wí káàkiri pé àbẹ́là ni, ó sì ń mu omi.

Ọkọ̀ Píjò funfun kan ló gbé wọn dé. Èyí tí ìjọba gbé iṣẹ́ ìwádìí lé lọ́wọ́ ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Dominic, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó wọ awò ojú. Èkejì, Adégòkè, ni ẹni tí àwọn oníná rán wá, bàtà rẹ̀ ń dán, kò sì fẹ́ kí eérú kàn án.

Ọ̀gbẹ́ni Dominic ṣí fìlà rẹ̀ kí ó tó wọ inú yàrá. Ó wo ilẹ̀, ó wo àwọn igun ilé, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ta ló gbá ibí?"

"Àwa ni, ọ̀gá," Yèyé fi ìdùnnú dáhùn. "A gbá a, a fọ̀ ọ́, a sì ti sọ ọ́ di mímọ́ dè yín."

Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Màmá, ẹ ṣeun o. Eérú tí ẹ gbá dànù yẹn ni mo bá wá."

Ó wo ara ògiri yíká.

"Àpótí fíùsì ńkọ́?"

Gbogbo ojú yí sí Ògúnníyì. Ó dúró ti ògiri, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n fi báńdéèjì wé sókè níwájú àyà.

"Ó jóná," ó ní.

"Irin inú rẹ̀ kì í jóná tán, bàbá. Ó yẹ kí díẹ̀ kù."

"Mo ní ó jóná."

Ọ̀gbẹ́ni Dominic sún mọ́ ibi tí ihò ìṣó wà, ó fi ìka kàn án. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni Babárìndé ti gba ọ̀rọ̀ náà. Ó là àárín èrò kọjá, ó nàka sókè. "Ọ̀gá, òrùlé ló kọ́kọ́ gbiná! Iná tí àwọn èèyàn yìí tú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ohun tí ilé lè gbà lọ. Mo rí i. Gbogbo wa la rí i!"

"Gbogbo wa la rí i!" ni àdúgbò dáhùn. Ọmọlará tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ bo ẹnu kí ó má baà bú sẹ́kún.

Adégòkè rẹ́rìn-ín. Kò bínú rárá. "Ọ̀rọ̀ bàbá yìí dára gan-an ni. Ọ̀gá Dominic, kò le. Láti orí òpó kan náà ni ilé bàbá yìí àti ilé tó jó ti ń gba iná. Bí iná bá pọ̀ tó bí wọ́n ṣe wí, fíùsì ti bàbá náà gbọ́dọ̀ ti já. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. Bí a bá bá fíùsì tó já, ẹ̀bi wa ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ wáyà ni wọ́n so síbẹ̀," ó wo èrò yíká, "a ó gé iná ilé náà lónìí, a ó sì fa ẹni tó ni ín lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Tí a bá kúrò níbẹ̀, a ó wọ ilé kejì. Títí kan ilé tó kángun."

Ẹ wá wo àdúgbò. Ẹnì kan rántí kòkó tó sá sórí àpáta. Ẹlòmíràn rántí pé òun gbé omi kaná. Ọ̀gbẹ́ni Benedict tó ni fáànù ti wà lójú títì, kò wẹ̀yìn. Àwọn tó kù kò mọ ibi tí wọn yóò gbé ojú sí.

"Bàbá, ṣé kí á lọ?" Adégòkè bi Babárìndé.

Babárìndé sún sẹ́yìn díẹ̀. "Ẹ... ẹ má bínú, ọ̀gá. Ṣé ẹ rí i, ojú oorun ni mo ti sáré jáde. Èéfín náà pọ̀. Ká sòótọ́, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà ibi tó ti bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé òrùlé ni, àbí ilẹ̀?" Ọ̀gbẹ́ni Dominic bi í.

"Ó lè jẹ́ ilẹ̀."

Ó sọ ọ́ láì wo ọ̀dọ̀ Ọmọlará. Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ẹ bá mi wo títì odindi kan tó ń gbọ̀n iná tí kò tíì kàn án, tó sì ń gbọ̀n ọ́n sórí ìyá ọmọ tó kú.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Dominic wolẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná gbé èéfọ́ àbẹ́là kan sókè. Apá ibi tí Ọmọlará ti fi ọ̀bẹ họ ọ́ hàn kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta ló ń họ ọ́?"

"Tàná nìyẹn, ọ̀gá!" Yèyé sáré dáhùn. "Ti ìsọdimímọ́ ni. Àwọn àgbà ìjọ ló tàn án."

"Ẹ tún tan àbẹ́là sínú ilé tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, màmá?"

Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò lè gbà á gbọ́ ni. Òun náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà mọ àbẹ́là, ṣùgbọ́n lórí pẹpẹ lòun ti mọ̀ ọ́n. Bí ó ti lẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni Yèyé ń sọ, bí irọ́ ló ṣe ń dún létí gbogbo èèyàn, àní létí Yèyé fúnra rẹ̀.

"Ìyá ọmọ dà?"

Ọmọlará bọ́ síwájú. Àlejò ló tún padà pè é ní ìyá ọmọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, madam. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣé ẹ tan àbẹ́là síbí?"

"Mo tàn án, sà. Mo sì pa á kí n tó jáde. Ọwọ́ ni mo fi pa á." Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí i.

Ó wò ó dáadáa. "Ta ló rí yín nígbà tí ẹ pa á?"

"Tóyìn ni."

Ọ̀gbẹ́ni Dominic wo ibòmíràn.

Ọmọlará bá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Wáyà búrèkì náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun òun náà, bó bá la ẹnu báyìí yóò jáde. Ṣùgbọ́n ó wo báńdéèjì yẹn, ó wo ọkùnrin tó wọ inú iná títí tí awọ fi bó lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè dúró níwájú ayé kó pè é ní apani. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fẹ́ kó fi gbé ọ̀rọ̀ náà.

Ògúnníyì wolẹ̀. Ó wo àbẹ́là orí ilẹ̀ náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

Wọ́n jẹ iyán náà. Ọ̀gbẹ́ni Dominic kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, Yèyé ní àbùkù ni, ló bá wẹwọ́. Adégòkè bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀. "Ẹni tó gún iyán yìí mọ̀ ọ́n gún," ó ní. Ìyá Agatha gbé abọ́ kúrò nílẹ̀ lójijì, ó wọlé, kò jáde mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Dominic gbá Ògúnníyì léjìká. "Àbẹ́là ni n ó kọ sílẹ̀, bàbá. Kò sí nǹkan mìíràn tí ẹ ṣẹ́ kù fún mi. Ẹ kú ìrọ́jú."

Kí ọkọ̀ náà tó yà lójú títì, ọ̀rọ̀ ti yí padà lẹ́nu àwọn obìnrin.

"Àbẹ́là náà ni. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ẹ rọra. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Agbè tó fúnra rẹ̀ da omi ẹ̀ nù ńkọ́?"

Ọmọlará gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí òun ló ń fọ abọ́.

Bí ilẹ̀ ti ń ṣú, ariwo sọ káàkiri Òdòdè: "Iná dé o!" Àwọn ọmọdé ń fò lójú títì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Tóyìn nìkan ni kò sí láàárín wọn. Gílóòbù tàn ní pálọ̀ Babárìndé. Wáyà tó so mọ́ ògiri rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ní gbogbo ilé títí dé èyí tó kángun.

Ògúnníyì kò lè fi ọwọ́ jẹun, Ọmọlará ló ń fi òkèlè sí i lẹ́nu. Iyán àárọ̀ tó ṣẹ́ kù ni. Yèyé jókòó sí òdìkejì, ó ń wò wọ́n.

"Lọ́la, kó máa lọ," Yèyé ní. "Mo ti sọ tèmi."

Ògúnníyì jẹ òkèlè ẹnu rẹ̀ tán kí ó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ kó dúró, Yèyé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Èmi ti dárí jì í."

Ọmọlará ti gé òkèlè mìíràn. Ó dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin gbọ́," Yèyé ní, ó ń fi ìdí aṣọ nu ojú. "Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ mi wí. Dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ."

"Ṣùgbọ́n láti òní lọ," ọkọ rẹ̀ ń bá a lọ, kò sì gbójú sókè, "n ò fẹ́ rí àbẹ́là nínú ilé mi mọ́. Àní ẹyọ kan."

Gílóòbù ń tàn lókè orí wọn. Àwọn ọmọdé ṣì ń ké níta.

"Bàbá Tóyìn," Ọmọlará ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì dúró ṣinṣin, "ẹ jẹ́ kí ẹyọ kan kù. Ta ni yóò mú un dání fún yín nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ so wáyà?"

Ògúnníyì ti ya ẹnu de òkèlè. Ẹnu náà wà ní yíyà.

"Wáyà wo?" Yèyé bèèrè. Ó wo ìyàwó, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ògúnníyì, mo ní wáyà wo?"